ONÍGBÁMÉJÌ: ÀRÙN TÍ Ó Ń BÁ OMI WỌLÉ

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ará lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àrùn tí ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí ní orúkọ tí ó ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ tán. Onígbáméjì ni àwọn àgbà pè é: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí i rí kò ní bi wọ́n léèrè ìdí orúkọ náà. Omi tí ó dà bí èyí tí a fi ṣan ìrẹsì ni yóò máa tú jáde lára aláìsàn láìdúró. Ojú rẹ̀ á jìn, ohùn rẹ̀ á há, awọ ọwọ́ rẹ̀ á hunjọ bí ti ẹni tí ó fọ aṣọ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹni tí ó kírun Sùbúhì pẹ̀lú àlàáfíà lè di olóògbé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀nà jíjìn fún Òkè-Sópẹ̀n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn yìí ti tàn ká Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kéde pé ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwọn náà. Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, tí Ìjẹ̀bú-Igbó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, wà lára ibi tí wọ́n dárúkọ. Ẹ̀mí sì bá a lọ. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, àjọ NCDC ti ka ènìyàn 1,528 tí wọ́n fura sí pé ó mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pẹ̀lú òkú 53, ní ìpínlẹ̀ 31.

Bí irú ìròyìn báyìí bá dé, ohùn méjì ni ó sábà máa ń dìde ní àdúgbò. Ọ̀kan á ní ayé ni ó ṣe é, ọ̀tá ni ó fi nǹkan sínú oúnjẹ. Èkejì, tí ó máa ń ti ẹnu ẹlẹ́sìn jáde, á ní kádàrá ni, àti pé ẹni tí àrùn inú bá pa, oyè ṣàhídì ni tirẹ̀. Òtítọ́ ni pé ẹ̀san ń bẹ fún onísùúrù tí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá bá. Ṣùgbọ́n ẹ̀san olóògbé kò sọ ṣáláńgá ẹ̀bá kànga di ohun tí ó tọ́. Sayyidina Umar (RA) ti dá irú àwọn bẹ́ẹ̀ lóhùn tipẹ́. Nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ ní Sargh pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú, ó yí àwọn ènìyàn rẹ̀ padà, ó sì jẹ́ kí ó yé ẹni tí ó bi í léèrè pé yíyẹra fún àrùn náà wà nínú kádàrá Ọlọ́hun.

Ìtàn onígbáméjì fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà tí ó ń gbà rìn hàn. Ní ọdún 1817 ni ó bẹ́ sílẹ̀ ní Bengal, ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ó sì bá ọmọ ogun àti oníṣòwò jáde lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ní 1831, ó dé Mọ́kà ní àsìkò Hájì. Ní 1865, ó tún padà wá. Nínú nǹkan bí 90,000 alálàájì, àwọn òpìtàn fojú bù ú pé 15,000 ni ó kú, àwọn tí ó ń padà lọ sílé sì gbé e dé Mísírà, láti ibẹ̀ ni ó ti wọ Yúróòpù. Èyí ni ó mú kí àwọn ìjọba péjọ sí Istanbul ní 1866. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń dá àwọn alálàájì dúró fún àyẹ̀wò ni El Tor, ní etí òkun ilẹ̀ Sínáì. Níbẹ̀, ní 1905, ni Felix Gotschlich, dókítà ará Jámánì, ti rí ẹ̀yà kòkòrò onígbáméjì kan lára òkú àwọn alálàájì tí kò ṣe àìsàn onígbáméjì rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ lè máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa yà á sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yà El Tor yìí ni ó gbéra láti Sulawesi ní Indonesia ní 1961, òun náà ni ó dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1970, tí ó sì wọ Èkó ní oṣù tí ó kẹ́yìn ọdún náà.

Bí ó ṣe ń wọ ara ènìyàn, London ni wọ́n ti rí ìdí rẹ̀. Ní 1854, ó ju 500 ènìyàn lọ tí ó kú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ní àdúgbò Soho. Afẹ́fẹ́ burúkú ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń dá lẹ́bi. Dókítà John Snow kò gbà. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ibi tí àwọn olóògbé ti ń pọn omi, títí ọ̀rọ̀ fi já sí kànga kan ṣoṣo ní òpópónà Broad Street. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ tí ó ń fa omi rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wú ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n bá kòtò ẹ̀gbin ilé kan tí ògiri rẹ̀ ti jẹrà, tí àárín òun àti kànga kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Inú kòtò yìí ni wọ́n ti da omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ìdí ọmọ ọwọ́ kan tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Ta ni kò mọ irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú? Ṣáláńgá wà lẹ́yìn ilé, kànga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò oṣù kẹfà á sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Kí ó mọ́ lójú kì í ṣe ẹ̀rí pé omi náà mọ́. Kànga mọ́ṣáláṣí náà kò yọ sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń ṣe àlùwàlá ń fi omi rẹ̀ yọ ẹnu. Ànábì (SAW) ti kọ̀ fún wa láti máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ojú omi, síbẹ̀ ẹni tí kò jẹ́ dán an wò lójú odò lè gbẹ́ ṣáláńgá ti kànga lọ́kàn balẹ̀. Ọgbọ̀n mítà ni ó yẹ kí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ó kéré tán.

Ohun tí ó dunni jù lọ ni pé ikú inú àrùn yìí ṣeé dá dúró. Ní 1971, àkọsílẹ̀ Nàìjíríà ka 22,931 ènìyàn tí ó mú, 2,945 sì kú: bí 13 nínú 100. Ní ọdún kan náà, nígbà tí ogun Bangladesh lé àwọn ènìyàn wọ Íńdíà, Dókítà Dilip Mahalanabis wà ní ibùdó Bangaon, omi tí wọ́n ń fà sí ara aláìsàn tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún wọn mu. Ibi tí bí 30 nínú 100 ti ń kú, òkú kò tó 4 mọ́. Ìmọ̀ dé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní 1991, ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, onígbáméjì mú 59,478 ní Nàìjíríà, ó sì pa 7,654. Ẹ ṣírò rẹ̀: 13 nínú 100 náà ni! Ní 2021, wọ́n fura sí 111,062, òkú sì jẹ́ 3,604, èyí tí ó lé díẹ̀ ní 3 nínú 100. Ibi tí ìtọ́jú bá ti tètè dé, kì í pé 1.

Nítorí náà, kò yẹ kí ọ̀dọ́ kan wà nínú ẹgbẹ́ tí kò mọ omi yìí í ṣe. Ọ̀rá omi mímu méjì, tí ó jẹ́ lítà kan. Ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 tí a ré orí rẹ̀. Ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀. Ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ máa fún aláìsàn ní díẹ̀díẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń bì, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan máa ń fi omi du aláìsàn pé yóò tún máa yàgbẹ́ sí i; àìní omi lára gan-an ni ó ń pa á. Àwọn mìíràn ń tì í mọ́ yàrá nítorí ìtìjú, kí aládùúgbò má baà gbọ́. Aládùúgbò tí wọ́n fi pamọ́ fún ni yóò pọn omi kànga kan náà lọ́la.

Bí ikú bá sì dé, òkú náà kò pàdánù ẹ̀tọ́ ìwẹ̀ àti ìrun rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera létí. Kí àwọn tí yóò wẹ̀ ẹ́ kéré níye, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n má sì dá sí oúnjẹ àwọn tí ó wá báni kẹ́dùn. Aṣọ àti ẹní olóògbé, ojú odò kọ́ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Omi ìwẹ̀ náà, kí wọ́n wá ibi tí ó jìnnà sí kànga dà á sí.