Àwọn Tí Ń Gbé Inú Ilẹ̀ Tí A Ń Júbà

 

A ta omi sílẹ̀ ní àárọ̀ yìí, a júbà Ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi kò jìnnà síbẹ̀: àwọn wo ni ń gbé inú ilẹ̀ náà, kí ni wọ́n sì ń ṣe fún irè oko wa?

Nígbà tí ẹ̀wà bá ń yọ òdòdó, ẹ rọra hú ọ̀kan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ ó rí kókó róbótó-róbótó lára gbòǹgbò rẹ̀. Mo ti pè é ní àrùn rí, mo sì ti ju irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ síná. Àṣé ilé ni. Bakitéríà, ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí, ni ń gbé inú rẹ̀. Ẹ fi èékánná la kókó náà: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀, bí ó bá funfun, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Èròjà tí ó bá ti inú ẹ̀jẹ̀ wa tan ni ó mú un pọ́n. Ẹ̀wà ń fi ṣúgà bọ́ àlejò rẹ̀. Àlejò ń mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́, èyí tí ewéko kò lè dá mú, ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Ní 1888 ni Martinus Beijerinck, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ya bakitéríà yìí sọ́tọ̀ láti inú kókó. Àwọn baba wa tí ń gbin ẹ̀wà mọ́ àgbàdo ti ń jẹ èrè rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Àwọn bakitéríà mìíràn kì í wọlé. Ẹ̀bá gbòǹgbò ni wọ́n ń gbé. Bí ọ̀dá bá dé, ewéko a máa pèsè gáàsì kan tí kì í jẹ́ kí gbòǹgbò gùn mọ́. Àwọn kan nínú bakitéríà wọ̀nyí a máa jẹ ohun tí ewéko fi ń ṣe gáàsì náà, gbòǹgbò a sì tún máa wá omi lọ sísàlẹ̀. Àwọn mìíràn ń tú ohun tí ó ń yọ̀ bí ilá jáde. Òun ni ó ń di erùpẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, tí ọ̀rinrin kì í fi í tètè gbẹ.

Nísinsìnyí, oko ẹgbẹ́ wa. Mo gbọ́ pé a fẹ́ sun ún kí òjò tó dé. Iná a máa pa àwọn tí ó wà lókè erùpẹ̀, a sì jó ewé jíjẹrà tí àwọn tí ó kù ì bá jẹ. Eérú ń ṣe ilẹ̀ lóore, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n náítírójìn inú pàǹtírí náà ti bá èéfín lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìdajì oko náà sílẹ̀ láìsun, kí a gbin ẹ̀wà sí i, kí a sì fi àdá gé e nígbà ìkórè, kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà síbẹ̀. Ìdajì tí ó wà lẹ́bàá odò ni mo tọrọ. Èmi fúnra mi ni yóò wá ro ó.