Ẹni Tí Ó Pín Ni Yóò Mú Kẹ́yìn

Ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́. A kò ní lọ jìnnà láti wá a. Ilé ìdáná ni a óò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbáà jẹ́ Ìkìrun ni wọ́n ti tọ́ wa, tàbí Ìnísà, tàbí níhìn-ín ní Òkukù, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó bá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jẹun nínú àwo kan náà. Bí ẹran bá délẹ̀, àbúrò pátápátá ni wọ́n máa ń ní kí ó pín in, ẹ̀gbọ́n pátápátá ni yóò sì kọ́kọ́ mú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọmọ tí ó ń pín mọ̀ pé èyí tí gbogbo àwọn tí ó kù bá fi sílẹ̀ ni yóò kan òun. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kìlọ̀ fún un pé kí ó ṣe déédéé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ojú wọn ẹran náà. Eegun a máa tan àbúrò jẹ ṣá, nítorí ẹ̀gbọ́n ti mọ èyí tí mùdùnmúdùn wà nínú rẹ̀.

Ọmọ yìí kan náà ni yóò dé ilé-ẹ̀kọ́, tí a óò kọ ìdákan nínú mẹ́rin sí ojú pátákó, tí ẹ̀rù yóò sì bà á, bí ẹni pé kò pín nǹkan sí mẹ́rin rí. Èdè ni ó dí i lọ́nà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́.

Ẹ wo gààrí. Ìyá yóò rin ẹ̀gẹ́, yóò dì í sínú àpò, yóò gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dín in. Ìwé sáyẹ́ǹsì sọ fún wa pé ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí í máa di májèlé, àti pé rírin, kíkan, fífún àti díndín ni ó ń mú un kúrò. Ó máa ń dùn wá bí a bá rí ọmọ tí ó lè kọ orúkọ májèlé náà sínú ìwé ìdánwò, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdí tí ìyá rẹ̀ kì í fi í kánjú dín gààrí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pípín ni a ń sọ. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò pé 500,000 ní ọdún 1954 lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san rí ìpín tirẹ̀ mú. Ní ọdún 2006, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, a sì mú ètò náà gbòòrò ní ọdún 2012. Olùkọ́ tí ó bá ti kọ́ ọmọ tí kò jẹun àárọ̀ mọ iyì èyí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, kí owó ìlú tó dé inú àwo ọmọ, ọwọ́ tí yóò gbà kọjá pọ̀. Nínú ilé, ẹni tí ó pín ni í mú kẹ́yìn. Níta, ẹni tí ó pín ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Àwọn tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì: ọmọ tí ó pín ẹran fún ẹ̀gbọ́n lánàá ni wọ́n.

Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti Èkó, Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Nítorí náà, a mú àbá méjì wá. Èkíní ni pé bí ẹgbẹ́ bá ná owó lórí ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí a ka ìṣirò rẹ̀ ní èdè Yorùbá nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, lójú àwọn ìyá àti àwọn ọmọ. Èkejì ni pé kí ọmọ ìjòyè ẹgbẹ́ kankan má ṣe gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ títí a ó fi yẹ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ yòókù wò. A mọ̀ pé èyí yóò ro àwọn kan lára, pàápàá àwọn tí ó ti ṣe wàhálà púpọ̀ fún ẹgbẹ́ láìgba kọ́bọ̀. A kò gan iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n a bẹ Alága kí ó fi àbá méjèèjì síwájú ìpàdé kí a tó túká lónìí, kí a sì ka ọwọ́ tí ó bá nà sókè.