Ìtùnú Ní Etí Òkun: Wíwà Ọlọ́run Pẹ̀lú Àwọn Ará Ìlàjẹ Nígbà Ìpọ́njú

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a sọ ní Igbókòdá, Ìpínlẹ̀ Oǹdó)

   

Àkòrí tí ẹ fún mi ti gbó lórí àga ìwàásù. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ nínú wa pé Ọlọ́run ń bẹ pẹ̀lú ẹni tí ìpọ́njú bá. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé: ẹni tí òkun gba ilé rẹ̀ lóru, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun? Kí ni yóò rí? Kí ni yóò gbọ́? Ìdáhùn mi, tí mo fẹ́ fi ìtàn etíkun yìí gbè lẹ́sẹ̀, ni pé ọwọ́ ọmọnìkejì ni ìtùnú Ọlọ́run sábà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni. Bí ọwọ́ náà bá kákò, àdúrà lè máa lọ ní pẹrẹu nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tó ń sunkún sì máa dá sunkún.

Àdúrà tí ń wọ ilé aláìsàn

Ẹ jẹ́ kí a lọ sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1918, àrùn ọ̀fìnkìn líle tó jà káàkiri ayé wọ ilẹ̀ Yorùbá, ó sì pa ènìyàn lọ súà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìwọ̀nba ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan, tí Joseph Shadare àti Sophia Odunlami wà lára wọn, kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà fún àwọn tí àrùn náà dá dùbúlẹ̀. Ní 1925, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ń jà ní Èkó, Moses Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀. Ìtàn sọ pé ẹsẹ̀ Orímọládé kò gbé e dáadáa láti kékeré. Ẹni tí kò lè sáré ni Ọlọ́run fi rìn káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ìgbà àrùn ni irú àwọn ìjọ àdúrà báyìí, tí a ń pè ní Aládùúrà, yọ, ohun tí wọ́n sì ṣe nígbà náà ló yẹ kí a wò. Ilé tí ará àti ọ̀rẹ́ ti sá fún, wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n jókòó ti aláìsàn, wọ́n bu omi fún un, wọ́n bá a ṣọ́ òru. Kí aláìsàn tó gbọ́ àlàyé kankan nípa ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ó ti rí i pé òun kò dá wà. Nígbà tí ìsìn yìí dé etíkun wa, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò tí ilé ìwòsàn sì jìnnà réré, àwọn ènìyàn gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Síónì fi pọ̀ tó báyìí lára àwọn ìlú orí omi wa.

Ayétòrò

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 1947, àwọn kan tí wọ́n ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù lọ tẹ ìlú kan dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun. Wọ́n pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, wọ́n sì sọ ìlú náà ní Ayétòrò. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé wọ́n kọ ẹbọ, wọ́n kọ pípa ìbejì, ìnúnibíni sì dìde sí wọn láàárín àwọn ará ilé wọn. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ń bá wọn du ni wọ́n sá lọ. Nígbà náà, ta ni í du ẹrẹ̀?

Ohun tí wọ́n ṣe lórí ẹrẹ̀ náà ló gbé orúkọ wọn dé òkè òkun. Wọ́n ní kò ní sí tèmi, kò ní sí tìẹ. Ohun tí apẹja pa, ohun tí ahunṣọ hun, àpò kan náà ni owó rẹ̀ ń wọ̀. Láti inú àpò yẹn ni ìlú ti ń bọ́ gbogbo ènìyàn, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá aṣọ fún wọn, tí wọ́n sì ń kọ́lé fún wọn. Wọ́n la ipa omi kí ọkọ̀ lè wọ ìlú. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n rán bàtà, wọ́n ṣe búrẹ́dì, wọ́n se ọṣẹ. Ní 1953, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lókè ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ fìtílà.

Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá láti Kánádà, wá gbé láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní 1977. Ó fi orúkọ bo ìlú náà láṣìírí, ó pè é ní Olowo. Ó wá gbé ìlú kejì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó pè ní Talika. Etíkun kan náà, ẹ̀yà kan náà, irú ìsìn kan náà. Ọ̀kan ń gbòòrò, èkejì wà lójú kan. Barrett béèrè ohun tó fa ìyàtọ̀ náà, ó sì fi ìka tọ́ àpò ìṣọ̀kan yẹn. Mo mọ̀ pé ọrọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Ohun tí mo rí mú nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ìlú méjèèjì ń gbàdúrà, àwọn méjèèjì ń lu agogo ìsìn. Ṣùgbọ́n ní Ayétòrò ìgbà náà, bí ọkọ obìnrin kan bá bómi lọ, ọmọ rẹ̀ kò ní sùn lébi lálẹ́ ọjọ́ náà. Opó yẹn kò nílò kí a máa ṣàlàyé ìtùnú fún un. Oúnjẹ ti ń dé.

Nígbà tí ikú wọ ìlú

Nǹkan kan wà nínú ìtàn Ayétòrò tí a kì í fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Barrett kọ ọ́ pé àwọn Àpọ́sítélì ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ gbà gbọ́ pé ẹni tó bá wà nínú ìwà mímọ́ kò ní kú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ìnúnibíni lé kúrò nílé, tí wọ́n wá rí ìlú tuntun tí ebi kò ti pa ẹnikẹ́ni, kò ṣòro kí wọ́n rò pé ìlẹ̀kùn ikú pàápàá ti tì. Ṣùgbọ́n ikú kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Ó wọ ìlú, nígbà tó sì di 1963, ó mú Ogeloyinbo àkọ́kọ́, ìyẹn ọba ìlú náà, Ọba Ethiope Okenla fúnra rẹ̀.

Kí ni ènìyàn ń ṣe nígbà tí ìlérí tó gbẹ́kẹ̀ lé bá já? Àwọn kan á ní Ọlọ́run ti lọ. Àwọn mìíràn á ní àwọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé ni. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, ètò àpò kan ṣoṣo náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, oníkálukú ń wá tirẹ̀. Síbẹ̀ ìlú kò fọ́n ká. Wọ́n fi Ogeloyinbo mìíràn jẹ, ìsìn ń lọ, ìran mìíràn dìde. Mo rò pé ohun tí wọ́n kọ́ ni pé Ọlọ́run kò ṣèlérí fún wa pé ìpọ́njú kò ní dé. Ẹ wo Sáàmù kẹrìndínláàádọ́ta. Ẹni tó kọ ọ́ kò sọ pé ilẹ̀ kò ní yí nípò, kò sọ pé omi kò ní hó. Ó ti rí wọn tán lọ́kàn rẹ̀ kó tó sọ pé òun kò ní bẹ̀rù.

Ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, Samuel Àjàyí Crowther, mọ ohun tó ń jẹ́ omi tí ń hó. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀sóògùn ní 1821. Ní 1822, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ní Èkó, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, ẹni tí òkun ti dẹ́rù bà rí ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Sáàmù tí à ń kà nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì bá dé, kò gba ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìjì dé ọ̀dọ̀ wa.

Òkun wọlé

Ẹ kò nílò kí n máa ròyìn òkun fún yín. Ó ti gba ilé, ó ti gba ilé ẹ̀kọ́, ó ti gba ilé ìsìn, ó ti gba ibojì àwọn baba wa. Ìdí rẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Omi òkun ń ga sí i káàkiri ayé nítorí pé ayé ń gbóná. Ilẹ̀ etíkun wa jẹ́ ẹrẹ̀ rírọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Ipa omi tí wọ́n là nítorí epo rọ̀bì ní agbègbè Awóyè jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ àbàtà omi dídùn, igi kú, gbòǹgbò tó ń di ilẹ̀ mú sì rà. Ní 2004, NDDC, àjọ ìjọba fún ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun ní Ayétòrò síta. Ní 2009, wọ́n tún gbé e fún iléeṣẹ́ mìíràn. Òkun kò dúró de ìwé wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá dúró níwájú yín tó ní ẹ̀ṣẹ̀ yín ló fa òkun wá, ẹ bi í léèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ló la ipa omi Awóyè. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa ní ọjọ́ méje àkọ́kọ́: wọ́n jókòó tì í nílẹ̀, wọn kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ìpọ́njú rẹ̀ fún un ni wọ́n bà á jẹ́. Ní ìparí ìwé náà, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi ọ̀mọ̀wé àti ẹ̀yin wòlíì bákan náà, nítorí a fẹ́ràn àlàyé.

Irú ìtùnú kejì tó yẹ kí a sọ́ra fún ni èyí tó ní, "Ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́," tó sì jẹ́ ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí ẹ dákẹ́. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ sí orí pèpéle epo Parabe láti béèrè ẹ̀tọ́. Wọ́n pa méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wọn gbàdúrà, wọ́n sì tún wá ìdájọ́ dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ìdájọ́ kò gbè wọ́n ní 2008, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹjọ́ tí wọ́n pè jẹ́ àìgbàgbọ́. Ẹni tó mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun kì í bẹ̀rù láti dúró níwájú adájọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó ń dun ni láti sọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998 ni ìjà bẹ́ láàárín àwa àti àwọn Ìjọ́ Arógbò. Abúlé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, àwọn ènìyàn fi ilé sílẹ̀ sá. Lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń pe orúkọ Jésù. Bí a bá gbà pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú ẹni tí ilé rẹ̀ jóná, ó di dandan kí a gbà pé ó wà nínú ọkọ̀ àwọn tí ń sá fún wa pẹ̀lú. Ìtùnú tí kò lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá ẹni, apá kan nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ ìgbéraga.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Kí wá ni kí a ṣe? Àkọ́kọ́, kí gbogbo ìjọ létí omi mọ ilé tí òkun ń bọ̀ wá bá kí ó tó dé, kí a sì ti dárúkọ ìdílé lókè ilẹ̀ tí yóò gbà wọ́n sílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú la ti ń wá fìtílà. Èkejì, kí apá kan nínú owó ìkórè wà fún àwọ̀n, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí òkun sọ di aláìnílé, láìbéèrè ìjọ tí wọ́n ń lọ, láìbéèrè bóyá wọ́n tilẹ̀ ń lọ sí ìjọ kankan. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, Áńgílíkà, Kérúbù, Àpọ́sítélì, àti ẹ̀yin lẹ́mọ́ọ̀mù pẹ̀lú, jọ lọ sí Àkúrẹ́ àti Àbújá lórí ọ̀rọ̀ òkun yìí. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí a fi àyè sílẹ̀ fún ẹkún. Nínú ọ̀pọ̀ ìsìn wa, ìdùnnú ti di dandan, ẹni tó bá ń sunkún dà bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ Èlíjà wólẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní kí òun kú. Ọlọ́run kò bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ẹ̀ẹ̀mejì, kó tó bá a sọ̀rọ̀ rárá.

Ètò yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a máa tẹ̀ lé: oorun, oúnjẹ, omi, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀. Àwọn Aládùúrà ìgbà àrùn mọ̀ ọ́n. Àwọn tó tẹ Ayétòrò dó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gúnlẹ̀ lónìí, tí ẹ bá aládùúgbò tí omi ti wọ yàrá rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá a gbẹ́rù. Àdúrà yóò tẹ̀ lé e, yóò sì yé e.