Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Inú Ajá àti Ojú Tí Yóò Máa Lò Ó
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹran tí ó wà ní ìlú wa. Ultrasound ni orúkọ ẹ̀rọ náà, àwọn aboyún wa sì mọ̀ ọ́n sí síkáànù. Èmi kì í ṣe dókítà ẹran. Olùkọ́ ni mí, iṣẹ́ tí mo sì mọ̀ ni bí ènìyàn ti ń kọ́ ohun tí kò mọ̀ rí. Ibẹ̀ ni n óo gbé ọ̀rọ̀ mi kà, nítorí láti àárọ̀ tí a ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí, iye owó rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.

Bí ènìyàn bá dúró níwájú àpáta ńlá tí ó kígbe, àpáta yóò dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Bí àpáta bá sì jìnnà, ohùn náà a pẹ́ kí ó tó padà. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń rán ohùn sínú ara ẹran, ó ń tẹ́tí sí gbohùngbohùn rẹ̀, ó sì ń ṣírò bí ohun tí ó dá a padà ti jìnnà tó. Nínú ara, ohùn a máa rin nǹkan bí mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ ohùn tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí ajá a máa gbọ́ tó nǹkan bí 45,000. Ṣùgbọ́n ohùn tí a fi ń wo ajá àti ológbò a máa gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 5 títí dé mílíọ̀nù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù pé ariwo yóò di ajá òun létí. Dókítà Ian Donald ti ìlú Glasgow ni ó mú irú ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń wá ibi tí irin ti sán, tí ó fi í wo ikùn àwọn obìnrin, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1958.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ̀rọ náà kì í sọ pé, "Kíndìnrín nìyí," tàbí, "Àrùn nìyí." Dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú nìkan ni ó ń fi hàn. Omi a máa dúdú: ìtọ̀ nínú àpò rẹ̀, òróòro, ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú ikùn. Egungun a máa funfun, bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta inú àpò ìtọ̀, òjìji dúdú a sì wà lẹ́yìn wọn nítorí pé ohùn kò rí ọ̀nà kọjá. Ẹ̀dọ̀ a dà bí eérú. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí a fi ń fá irun ikùn ajá tí a sì ń fi jẹ́ẹ̀lì pa á. Bí inú ajá bá kún fún afẹ́fẹ́, ìkùukùu lásán ni dókítà yóò máa wò.

Mo lọ jókòó ti dókítà ẹran kan, ọmọbìnrin tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan rí, nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ó ní ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ yọ òun lẹ́nu. Ènìyàn lè wọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ lọ, ó lè dà á sí ẹ̀gbẹ́, ó lè yí i po; bí ó bá ṣe méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ó ń wò yóò sọnù. Ojú kò sì gbọdọ̀ wo ọwọ́. Ojú ẹ̀rọ ni kí ó máa wò. Ó fi ohun dúdú róbótó kan hàn mí láàárín ẹ̀dọ̀ ajá, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin kí ni ẹ rò pé èyí jẹ́?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Òróòro ni, sà. Ọ̀pọ̀ wa ni a ti pè é ní àrùn rí."

Èyí tí ó dẹ́rù bà mí jù ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Awọ kan wà tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró tí ó wà lẹ́yìn awọ yìí a máa dá ohùn padà bí dígí ti ń dá àwòrán padà, a ó sì rí ẹ̀dọ̀ kejì nínú àyà níbi tí ẹ̀dọ̀ kò sí. Ẹni tí kò tíì kọ́ ọ dáadáa lè sọ pé awọ náà ti ya, kí ó sì gbé ajá tí ara rẹ̀ le lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ kò purọ́ o; ẹni tí ń kà á ni kò mọ̀wé.

A kì í gbé ìwé ìròyìn fún ọmọ tí kò tíì mọ a, b, d. Ajá tí ara rẹ̀ le ni a, b, d iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wò, kí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà, kí ó máa gba ọ̀nà kan náà yí ikùn ká, títí tí ojú rẹ̀ yóò fi mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni àrùn yóò ṣàjèjì sí i.

Ṣùgbọ́n apá kan wà tí kì í pẹ́ mọ̀. Ní ọdún 2004 ni a tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, lórí ajá 100 tí mọ́tò kọlù. Ojú ibi mẹ́rin péré ni wọ́n wò: lábẹ́ egungun àyà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì níbi kíndìnrín, àti ibi àpò ìtọ̀; wọ́n ń wá omi dúdú níbi tí kò yẹ kí ó wà. Wọ́n sì rí i pé dókítà tí kò tíì lo ẹ̀rọ náà púpọ̀ lè ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀kadà ti ń kọlù ajá ní ìlú wa, ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀.

Èkejì ni ti abo ajá tí ikùn rẹ̀ tóbi. Ṣé oyún ni, àbí ọyún? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àmì díẹ̀ ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ikú àti ìyè ni. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí abo ajá ti wá akọ, ilé ọmọ rẹ̀ lè kún fún ọyún, pàápàá bí ó bá ti ń dàgbà, iṣẹ́ abẹ tí a fi ń yọ ilé ọmọ náà ni ó sì sábà ń gbà á là. Bí oyún bá ni, ajá a máa gbé e fún nǹkan bí ọjọ́ 63. Láti nǹkan bí ọjọ́ 25 ni dókítà ti lè rí ọkàn àwọn ọmọ tí ń lù. Kí a má bi í pé mélòó ni wọ́n o, nítorí síkáànù kì í kà wọ́n pé. X-ray ní òpin oyún ni ó dára fún èyíinì. Bí ìrọbí bá pẹ́, tí ọkàn ọmọ kò sì lù tó ìgbà 180 ní ìṣẹ́jú kan, ewu dé.

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé-ìwé kan tí a ti fi máíkírósíkóòpù tuntun pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́fà, nítorí kò sí olùkọ́ tí a kọ́ ní lílò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà náà ni a fi ń kọ́ ìṣègùn ẹran ní àwọn yunifásítì wa, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Ìlọrin. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jáde ni ọwọ́ ẹ̀rọ yìí ti mọ́ lára. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a yọ apá kan nínú owó náà, kí a ra ẹ̀rọ tí ó kéré sí èyí tí a dárúkọ, kí a sì fi ìyókù rán dókítà wa lọ jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí a san owó oúnjẹ àti ibùgbé rẹ̀ títí yóò fi padà.

Nígbà tí ó bá dé, ẹ̀yin ọdẹ ìlú wa, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ẹ mú àwọn ajá yín wá fún un ní ọjọ́ Sátidé, kí ó máa fi wọ́n kọ́ ojú rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tí ń ṣàìsàn o. Àwọn tí ara wọn le ni a ń wá.