Ikọ́ Lásán, Orí Á Fẹ́ Là: Bí Mo Ṣe Ń Bá Chiari Gbé

Èmi tí mo máa ń bá yín gé ohùn àwọn àlejò wa ni mo gba maíìkì lónìí.

Chiari ló ń ṣe mí. Ẹ pè é ní Kíárì. Hans Chiari, dókítà ọmọ ilẹ̀ Austria, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1891. Kí èmi tó mọ orúkọ yìí, oògùn ibà ni wọ́n ń kọ fún mi ṣáá.

Ihò kan wà ní ìsàlẹ̀ agbárí, níbi tí iṣan ńlá inú eegun ẹ̀yìn gbà jáde. Nínú orí tèmi, apá ọpọlọ tó wà ní ìpàkọ́ ti rọ̀ wọnú ihò náà. Tó bá fi mìlímítà 5 kọjá ihò yẹn lórí àwòrán MRI, Chiari oríṣi kìíní ni àwọn dókítà sábà máa ń pè é. Àwọn kan ní in tí kò dà wọ́n láàmú rárá.

Omi ló ń fa ìjọ̀ngbọ̀n. Omi tó yí ọpọlọ ká máa ń lọ sókè sódò láàárín orí àti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti há. Ẹ wá wúkọ́, ẹ sín, ẹ rẹ́rìn-ín àríntàkìtì, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi, tàbí kí ẹ fi tipátipá yàgbẹ́: ìpàkọ́ á dà bí ẹni pé wọ́n fi òòlù lù ú. Tèmi lè má pé ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ tó bá dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, ọrùn á le gan, òòyì á máa kọ́ mi.

Ìdọ̀bálẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Níbi ìnáwó kan, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ọrùn ń dùn mí." Wọ́n ní, "Ọrùn kẹ̀? Ìwọ tí o ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún!" Mo máa ń rọra fọwọ́ kanlẹ̀ báyìí, láìtẹ orí ba.

Inú fóònù ni mo ń kọ ọ́ sí: kí ni mò ń ṣe kó tó dé, báwo ló ṣe pẹ́ tó? Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé alẹ́ tí mo bá tẹ ọrùn sórí iṣẹ́ ló burú jù. Ìbẹ́pẹ àti omi kì í wọ́n nílé mi, kí ìgbẹ́ má baà le. Ẹ má lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́, òun fúnra rẹ̀ máa ń fa ẹ̀fọ́rí. Ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọrùn yín kó dún "kọ́".

Tí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, tí ọwọ́ ò lágbára mọ́ tàbí tí kò mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí tútù, tí ìtọ̀ bá ń já bọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Omi lè ti máa kó jọ sínú iṣan ẹ̀yìn. Iṣẹ́ abẹ wà fún un: wọ́n á gé díẹ̀ lára eegun ìpàkọ́ kí ọ̀nà lè là. Dókítà mi ní kò tíì kan tèmi. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo tún máa ya MRI.