Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Títi Ilé Iṣẹ́ Pa fún Àtúnṣe



Ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, NNPC, ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ti ìjọba Nàìjíríà, ti ilé ìfọpo Port Harcourt pa fún àtúnṣe. Ọjọ́ 30 ni wọ́n dá. Títí oṣù Keje ọdún náà fi parí, wọn kò tíì ṣí i.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí yọrí? Iye ọjọ́ nìkan kọ́ là ń wò. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ: páìpù tó ti dógùn-ún, fáàfù tó ń jò. Mélòó ni wọ́n parí? Mélòó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé nígbà tí wọ́n tú ẹ̀rọ? Iṣẹ́ tí wọn ò retí bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ọjọ́, tó sì ń jẹ owó.

Ìkejì, ṣé gbogbo òṣìṣẹ́ ló délé láìfarapa? Ìkẹta, ṣé owó tí wọ́n ná kò kọjá èyí tí wọ́n dá? Paríparí rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá tún kú láàárín oṣù díẹ̀, a ò lè pè é ní àtúnṣe.

Onítẹ̀wé ní Mushin, l'Ékòó, pàápàá lè bi ẹni tó ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ní ìbéèrè wọ̀nyí. Owó ara rẹ̀ ló ń ná, ṣùgbọ́n owó ìlú ni wọ́n ń ná sí ti Port Harcourt. Nítorí náà, ó yẹ kí NNPC dá gbogbo wa lóhùn.