Bí Ìtàn Kò Bá Bá Egbò Mu

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò dùn ún sọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé nígbà tí a bá ní ọmọdé ń jìyà lọ́wọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ó, bí ẹni tú àṣírí ilé onílé síta ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ilẹ̀ wa àti UNICEF ṣe ìwádìí nílé-nílé káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2014, ó hàn pé bí a bá kó ọmọ mẹ́wàá jọ, nǹkan bí mẹ́fà nínú wọn ni ìwà ipá ti bá kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà o. Ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, Kogí náà sì ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ló ń jókòó síbẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1999, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Victoria Climbié, ẹni tí wọ́n bí nítòsí Abidjan, tí ìbátan bàbá rẹ̀ kan sì mú lọ sí òkè òkun pé òun yóò fi í sílé ẹ̀kọ́, dé ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà kan níbẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, tú ọmọ náà wò fínnífínní, ó sàmì sí ojú àpá kọ̀ọ̀kan lórí ìwé tí a ya àwòrán ara ènìyàn sí, ó sì fura pé ọwọ́ ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀gá dé, ó ní ìfọ́n ló ń yún un. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú tí wọ́n fi dá a padà sílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tún gbé e dé ilé ìwòsàn mìíràn, omi gbígbóná ti bó o lójú àti lórí, obìnrin tí ó mú un wá sì ní ọmọ náà ló da omi sára rẹ̀ kí yíyún ìfọ́n lè rọ̀ ọ́. Ẹ ò rí i bí àṣìṣe dókítà ṣe di àwáwí lẹ́nu ìkà! Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2000 ni ọmọ náà kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ojú àpá 128 ni wọ́n sì kà lára rẹ̀.

Lord Laming, tí ó gbé ìwádìí lórí ikú rẹ̀ jáde ní 2003, sọ ohun kan tí ó dùn mí ju ìyókù lọ: pé nígbà tí àwọn kan rí ọmọ yìí tí ó dúró gbọnrangandan níwájú obìnrin náà bí ọmọ ogun níwájú ọ̀gá, wọ́n ní bí ọmọ adúláwọ̀ ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Àwọn òbí rẹ̀ ní àwọn kò bá a dúró bẹ́ẹ̀ rí nílé. Ẹ̀rù ni wọ́n pè ní ẹ̀kọ́, àwa Òkun ní Kogí tí a fẹ́ràn ọmọ tí ń kúnlẹ̀ sì lè pè é bẹ́ẹ̀ kíákíá jù wọ́n lọ.

Kí ni kí a wá kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera? Kí ó máa wò ó bóyá ìtàn bá egbò mu. Ọmọ tí ń sáré kiri a máa fi ojúgun, orúnkún àti iwájú orí gbá nǹkan. Ṣùgbọ́n etí, ọrùn àti ẹ̀yìn kì í sábà jẹ́ ibi tí ìṣubú ń bá, ọmọ tí kò sì tí ì rá kì í sábà fúnra rẹ̀ ṣubú tí ara rẹ̀ yóò fi wú. Omi gbígbóná tí ó ṣèèṣì dà a máa ta kálẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n ti ọwọ́ ọmọ bọ̀ a máa fi ààlà gedegbe yí ọrùn ọwọ́ ká. Ṣùgbọ́n kí ó má baà fi ojú ìkà wo aláìṣẹ̀, kí ó mọ̀ pé àmì dúdú bí aró tí ń bẹ ní ìdí ọmọ tuntun, àmútọ̀runwá ni, àti pé gbẹ́rẹ́ kì í ṣe ojú pàṣán.

Èyí tí ó le jù ni ẹsẹ̀ tí wọ́n fi yá iná nítorí giri. Ìyá tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò kórìíra ọmọ rẹ̀, ìfòyà ló mú un ṣe é. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ti bó. Kí nọ́ọ̀sì tọ́jú ẹsẹ̀ náà, kí ó ṣàlàyé fún ìyá pé ibà ni ó sábà ń fa giri, kí ó sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ gan-an, láìpè é ní jàǹbá.

Bí ọmọ bá tó sọ̀rọ̀, kí a yà á sọ́tọ̀ díẹ̀, kí a bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" kì í ṣe, "Ṣé bàbá rẹ ló nà ọ́?" Bí ó bá ti wí i ni kí a kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi ipá bá a lò pọ̀ ni, oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá. Mirabel Centre tí ó wà ní Ìkẹjà láti 2013 ń ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Ìyámoyè tí a wà yìí jìnnà sí Ìkẹjà.

N kò tíì sọ èyí tí ó ń ba nọ́ọ̀sì lẹ́rù jù. Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé ọjọ́ tí ó fi ẹjọ́ ọmọ kan sùn ni, nígbà tí òun àti ìyá ọmọ náà yóò jókòó sórí àga kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru; ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo kọ́ ni kí ó máa sọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú pé orúkọ ilé ìwòsàn ni kí ó máa wà lórí ìwé ìfisùn, kí ó má ṣe jẹ́ orúkọ nọ́ọ̀sì, kí ẹni méjì sì máa fọwọ́ sí i. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera ní Ọbangede àti Ìdàh fi èyí kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n sì tẹ ìwé pélébé tí a ya ara ọmọ sí, iwájú àti ẹ̀yìn, sínú gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé láti Ìyàrá dé ìhín. Owó rẹ̀ kò lè tó owó epo ọkọ̀ tí ó gbé mi wá.